Ògiri Ìsọ̀ Káfíńtà

Lẹ́tà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí lẹ́tà kíkọ ló fi ń jẹun. Kí ẹ̀rọ atẹ̀wé ńlá tó dé, kò sí ìsọ̀ kan lójú títì náà tí kì í ṣe òun ló kọ orúkọ sí iwájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, títí kan "Má tọ̀ síbí" tó wà lára ọgbà ọlọ́pàá, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kì í lo rúlà. Á dúró níwájú ògiri, á di ojú kan, á na àtàǹpàkò síwájú bí ẹni tó ń wọn afẹ́fẹ́, á sì fa ìlà tó tọ́ gbọnrangandan.

Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ dé. Ẹni tó bá fẹ́ pátákó orúkọ láàárọ̀, á ti gbà á kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, pẹ̀lú àwòrán tó ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Iṣẹ́ Lẹ́tà wá ń fà bí omi inú kànga nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ní yàrá iwájú, ló wá ń gbé ilé ró. Obìnrin náà kò fi bú u rí, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ti di ẹni tí ìyàwó ń bọ́, àwàdà lásán á máa gún un lára. Lọ́jọ́ tí ìyàwó sọ pé búrọ́ọ̀ṣì ọkọ òun ti gbẹ ju igi ìdáná lọ, ó bá a rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ jókòó sí ìsọ̀ Káfíńtà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Káfíńtà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà àpọ́n, nígbà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, tí wọ́n jọ ní bàtà gidi kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń jáde ló ń wọ̀ ọ́. Ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, níbi tí gọ́tà ńlá kan ti gé títì sí méjì. Afárá orí gọ́tà náà ti wó láti ọdún mẹ́ta. Pákó méjì tí Káfíńtà gbé dábùú rẹ̀ làwọn ọmọ ń tò lé kọjá. Bí òjò bá gbé e lọ, á wá òmíràn. Ó ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú lẹ́ẹ̀mẹfà. Èsì kan ṣoṣo tó rí gbà ni pé wọ́n ti rí ìwé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan yọ̀ ṣubú sínú gọ́tà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Káfíńtà ló pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn. Nígbà tó padà, tí ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó sọ fún Lẹ́tà pé òun máa du ipò káńsẹ́lọ̀.

Lẹ́tà bi í pé kí ló fẹ́ fi du ú. Ó ní ẹnu òun ni. Lẹ́tà ní ẹnu kì í ra epo sí ọkọ̀. Ó ní ta ló fẹ́ wọkọ̀, ṣé ẹsẹ̀ ò tó rin àdúgbò kan ni? Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Lẹ́tà kó ìwọ̀nba ọ̀dà tó kù nílé jáde, ó ya ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sára ògiri ìsọ̀ náà, ó ya pẹ́ńsù tó máa ń wà létí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: AFÁRÁ LÁKỌ̀Ọ́KỌ́. Kò gba owó. Ògiri mọ́kànlá ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àwọn onílé ń fẹ̀rín yọ̀ǹda rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kì í sọ pé bí èèyàn bá ń wá ẹni tó tọ́, Káfíńtà rèé.

Ẹni tó ń bá a du ipò náà ni ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì fún gbogbo ìlú, tí kò gbé àdúgbò yẹn rí. Òun fúnra rẹ̀ kò yọjú. Aṣojú rẹ̀ ni wọ́n rí, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alápò, nítorí báàgì aláwọ tí kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Àwọn onílé ló kọ́kọ́ lọ bá. Kò bá wọn jà, kò sì bẹ̀ wọ́n. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ háyà ògiri wọn fún oṣù mẹ́ta ni, bí ẹni ń háyà yàrá. Ta ló máa rí owó ilé gbà lórí ògiri lásán tí á ní òun kò fẹ́? Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mẹ́wàá nínú ògiri mọ́kànlá ti di ti Oní-sìmẹ́ńtì. Onílé kan tu Lẹ́tà nínú pé kó má bínú, inú ọkàn ni ìfẹ́ tí òun ní sí Káfíńtà wà, kì í ṣe ara ògiri.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Alápò wá sílé Lẹ́tà. Ó kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ó ní ọ̀gá òun kò fẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ọmọ ìta a máa fà á ya, ìjì a sì gbé èyí tó bá kù. Iṣẹ́ ọwọ́ ló fẹ́. Ó ní òun ti yí gbogbo ìlú po, kò sí ẹni tó tún lè ya ojú èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi bàbá. Odi ọjà ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó gùn ní ogójì ẹsẹ̀ bàtà.

"Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ló ń bá ọ̀gá ẹ du ipò?" Lẹ́tà bi í.

"Mo mọ̀, bàbá. Àwọn ọmọ tó ń kun ilé ló máa pa àwọn àwòrán tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ti ìsọ̀ ọ̀rẹ́ yín, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án."

Ẹni tó bá ní owó ló mú un, irọ́ ló pa. Ẹni tó bá ní kì í ṣe owó, irọ́ lòun náà pa. Iye tí Alápò dá ju gbogbo ohun tí Lẹ́tà ti rí láti ọdún mẹ́rin lọ, ìdajì báyìí, ìdajì lẹ́yìn ìbò. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara ni pé ẹnì kan tún wá a wálé nítorí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó máa dáhùn, ó ní, "Ìgbà wo lẹ fẹ́ kó parí?" Ìgbà tí àlejò lọ tán ló tó gbọ́ ohun tí òun fúnra òun sọ. "Ẹ" ló fi dá a lóhùn, ẹni tí àkọ́bí òun fi ọdún márùn-ún jù lọ.

Ó lọ sọ fún Káfíńtà lọ́jọ́ náà gan-an. Káfíńtà ń rẹ́ ojú tábìlì kan, kò tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Ó ní iṣẹ́ niṣẹ́, bí Oní-sìmẹ́ńtì bá ní kí òun kan àga fún òun, òun á kàn án, òun á sì gbowó. Ọkàn Lẹ́tà balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí odi ọjà, àwọn èèyàn ń dúró wòran, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ tó dà bí ara èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Nílé, ẹran ojú ọbẹ̀ pọ̀ sí i.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n dìbò nígbà tí Alápò padà wá. Onílé tí Káfíńtà gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ti gbowó ògiri. Alápò ní kò dùn mọ́ òun náà nínú. Bí bàbá kò bá lè kùn ún, kò burú, òun á rán àwọn ọmọ tó ń kun ilé, wọ́n á ṣe é bí wọ́n bá ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Kìkì pé owó tó kù, òun kò mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá. Lẹ́tà sọ fún ara rẹ̀ pé ó sàn kó jẹ́ ọwọ́ òun ju kí àwọn tí kò mọ nǹkan kan lọ da ọ̀dà lé ojú ọ̀rẹ́ òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá ara rẹ̀ láre.

Ìdájí ló lọ, kí Káfíńtà tó ṣí ìsọ̀. Ó gun àkàbà, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà funfun. Ara ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ àwòrán ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó pa AFÁRÁ rẹ́, ó pa ọrùn rẹ́, ó ń yẹra fún ojú. Ilẹ̀ ẹ̀bá gọ́tà rọ̀, àkàbà ń mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò mì mọ́. Ó bojú wolẹ̀. Káfíńtà ló fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú nísàlẹ̀.

"Ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn kò le," Káfíńtà wí. "Mo ti dì í mú."

Lẹ́tà kò mọ̀ bóyá kí òun sọ̀ kalẹ̀ tàbí kí òun máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó kun ojú kan, ó kun èkejì, ẹni tó ni ojú sì wà nísàlẹ̀ tó ń dáàbò bò ó kó má baà ṣubú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní bí n kò bá kùn ún, ẹlòmíì làwọn máa rán wá." Káfíńtà ní òun gbọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìpàǹtí pákó àná. Ì bá gbá Lẹ́tà létí, ì bá sàn.

Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti dìbò. Ẹni tó bá ti tẹ ìka tán á gbé ìwé rẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó ká a, kí ọkùnrin kan tó dé fìlà búlúù lè rí i. Lẹ́yìn náà á gba ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ lọ, wọ́n á fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ń wo ẹyẹ orí igi. Lẹ́tà ti pinnu láti ilé pé Káfíńtà lòun máa dìbò fún, ó kéré tán ìyẹn ò ní í bọ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó dé ẹ̀yìn páálí tí wọ́n fi bo ibi ìtẹ̀ka, ó gbọ́ tí onífìlà búlúù wúkọ́. Ó rántí ìdajì owó tó kù. Ìyàwó rẹ̀ ti ra aṣọ tó fẹ́ fi rán ti ilé ẹ̀kọ́ láwìn, owó yẹn ló ń retí. Ó tẹ̀ ẹ́ fún Oní-sìmẹ́ńtì, ó sì gbé ìwé náà sókè.

Ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti ka ìbò. Òṣìṣẹ́ ìbò ń yọ ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é. Káfíńtà wà lórí ìdúró nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí àpótí gbẹ, Oní-sìmẹ́ńtì ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Káfíńtà ní ẹyọ kan.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó dákẹ́. Káfíńtà wo Lẹ́tà. Kò wò ó pẹ́. Ó rọra yíjú sí ìyàwó ara rẹ̀, tó dúró ti ìyàwó Lẹ́tà lẹ́bàá ògiri. Ìyàwó Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè tí kò tú wé.

Ìyàwó Káfíńtà ṣàlàyé fún ìyàwó Lẹ́tà lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ pé ọkọ òun kò ní í wọlé. Oṣù mẹ́ta ni kò fi ráyè ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, tó ń rin ojúlé kiri, àwọn ọmọ-ọmọ sì wà nílé. Ó ní ìbò kan kò lè gbé e débì kankan, ṣùgbọ́n owó yẹn gbé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin wálé, ọkọ òun sì wà lára àwọn tó jẹ ẹ́. Nígbà tí Lẹ́tà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, bó ṣe rò ó tó, kò rí ibi tó ti lè bá obìnrin náà wí.

Alápò kò rẹ́ Lẹ́tà jẹ, ó san gbogbo owó tó kù. Káńsẹ́lọ̀ tuntun kò wá sí àdúgbò. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá ọmọ ń dá Lẹ́tà dúró lọ́nà pé kó bá àwọn sọ fún ẹni rẹ̀ nípa afárá. "Ẹni rẹ̀" ni wọ́n ń wí, àwọn tó jẹ́ pé àwọn náà gba ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ kọjá.

Káfíńtà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àárọ̀ ọjọ́ gbogbo ló ń kí Lẹ́tà, tó ń béèrè ìyàwó, tó ń béèrè ọmọ, bí wọ́n ṣe ń kí ará àdúgbò. Àga tí Lẹ́tà máa ń jókòó lé ṣì wà nínú ìsọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó, Káfíńtà á mú ayùn, á máa rẹ́ pákó lọ. Lẹ́tà wá dẹ́kun lílọ.

Lóṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbò, ọkọ̀ kan wá kó irinṣẹ́ Káfíńtà. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ, nílùú mìíràn. Lẹ́tà wọ bàtà láti lọ bá wọn gbẹ́rù, ó dé ojú fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi gbéra.

Ó pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó Káfíńtà ló gbé e, ó ní ọkọ òun ń sùn. Agogo méjìlá ọ̀sán ni. Lẹ́tà ní kó bá òun kí i. Ó tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ó ṣì ń sùn. Kò pè mọ́.