Òrùlé tó kọ̀ tí kò ṣí

Ní apá òkè Imeri, agbára káká ni ẹ fi máa rí òrùlé tí kì í ṣe Sylvanus ló kàn án. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, káfíńtà ni òun náà, bó bá sì ń kọjá lọ, á máa nàka sí páànù onípáànù bí ẹni ń ka ọmọ rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ni kì í ráyè fún, ilé tirẹ̀. Ọdọọdún ni Abigail, ìyàwó rẹ̀, ń gbé bàsíà kiri yàrá lásìkò òjò. "Lọ́la ni, Ìyá Láníyì," ni ọkọ máa ń wí. Nígbà tó yá, ó gun òkè, ó lu ìṣó mẹ́ta, ó sì gba Elegbeka lọ láti kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan. Kó tó dé, ilé kò jò mọ́. Ó ní ìṣó mẹ́ta òun ló ṣe é, a ò sì gbádùn mọ́ lọ́wọ́ ìtàn ìṣó mẹ́ta yẹn.

Ìjì tó jà lóṣù kẹrin ọdún yìí kì í ṣe ìjì tí à ń torí rẹ̀ ti fèrèsé lásán. Ó ń yí bírí bírí bọ̀ láti ọ̀nà oko, ó ń ṣí páànù bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò. Nígbà tí òjò dá, páànù Olúyọmí aládùúgbò rẹ̀ wà lórí igi kòkó, ewúrẹ́ kan wà lórí páànù náà, ó ń jẹ ewé ní tirẹ̀. Ilé ìdáná Agatha ti lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ ṣì wà lórí ààrò. Ẹ̀wà náà sì ti jinná. Ní gbogbo àdúgbò, òrùlé ẹyọ kan ló kù, ti Sylvanus.

Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, títí tó fi rí èrò tó ń bọ̀. Agatha ló ṣíwájú, ó gbé ìkòkò ẹ̀wà dání torí kò ríbi gbé e sí.

"Káfíńtà, ẹ kú orí ire o! Ṣé ìṣó gidi lẹ fi kan tiyín, ẹ wá fi itọ́ lẹ tiwa?"

Iṣẹ́ yìí nìkan ni Sylvanus mọ̀. Bí wọ́n bá pè é ní ẹlẹ́tàn, ta ni yóò tún pè é wá kanlé?

"Ìṣó kan náà ni!" ó pariwo. "Màá ṣí tèmi lójú yín báyìí, kẹ́ ẹ lè rí i pé kò le jù tiyín lọ!"

Abigail sáré jáde. "Bàbá Láníyì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gòkè."

Ó ti gòkè. Ó fi hámà fa páànù, páànù ò mira. Ó fẹsẹ̀ ti igi, ó fà á, òógùn bò ó. Látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń gbàdúrà kí òrùlé má ṣí. Ó wá ń bẹ Ọlọ́run báyìí pé kó ṣí. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni Olúyọmí ń kí i látìsàlẹ̀.

Ìgbà tó yọjú wo abẹ́ páànù ló rí wáyà. Wáyà tó nípọn ni, wọ́n fi so igi òrùlé mọ́ ògiri, wọ́n sì lọ́ ọ dáadáa. Sylvanus kò fi wáyà so òrùlé rí. Ó jókòó. Bó bá dákẹ́, ẹlẹ́tàn ni. Bó bá sọ̀rọ̀, òun ni káfíńtà tí ìyàwó rẹ̀ lọ pe káfíńtà mìíràn.

"Èmi kọ́ ni mo kàn án!" ó figbe ta.

Gbogbo ojú yí sí Abigail. "Dominic ará Idoani ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Nígbà tí Bàbá Láníyì wà ní Elegbeka. Bàsíà ti sú mi."

Kò sẹ́ni tó bú Sylvanus mọ́. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó wòkè mọ́. Agatha gbé ẹ̀wà rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Láníyì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín?"

Dominic dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ènìyàn í kí. Ó ń kan òrùlé kiri àdúgbò, Sylvanus sì ń bá a di àkàbà mú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò bẹ̀rẹ̀. Sylvanus dìde, ó gbé bàsíà sáàárín yàrá, ó jókòó tì í, ó ń retí kó jò. Bàsíà gbẹ táútáú.

"Ìwọ náà ò bá ti sọ fún mi," ó wí.

"Ọdọọdún ni mo ń sọ fún yín," ni Abigail dáhùn.