Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Létí Ìró

Kọ́kọ́rọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi tún ká mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí o!

Kò sí ìtàn tí mo kọ tí kọ́kọ́rọ́ ò sí nínú ẹ̀. Ó ti sú èmi gan-an. Mo wá búra pé tuntun yìí ò ní ní kọ́kọ́rọ́ rárá.

Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bísí, láàárọ̀. Mo dé ibi tí ìyá kan ti ń jáde nílé, tó so nǹkan mọ́ etí ìró ẹ̀.

Wọ́n ní, "Dúró. Kí ló so síbẹ̀?"

"N ò mọ̀, Àǹtí. Mo kàn kọ ọ́ ni."

"Kọ́kọ́rọ́ ni jàre! Bí Màámi ṣe máa ń so ó nìyẹn, tí wọ́n bá tì wá mọ́lé ní Súrùlérè, tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní Yábàá. Ìwọ lo máa ń di irin wíńdò mú títí wọ́n á fi dé."

Àwọn ọdún 1970 nìyẹn o! Mo ti ní ọmọọmọ. Màámi ti kú, wọn ò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti tú etí ìró yẹn kí n lè jáde.

Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń tì mọ́lé náà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti jáde?