Apó Tí Ìyá Àgbà Mi Da Omi Sí

Bí ẹ bá béèrè ìyá àgbà mi, Ọmọlará, ní Okpomèta, ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò fi júwe rẹ̀ fún yín. Láti orí ìka títí dé ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ náà ti di aró, nítorí ó ti ń rẹ aṣọ láti kékeré. Ọṣẹ kò ràn án mọ́. Bí ó bá ń bu oúnjẹ fún mi, tí ó rí i pé mò ń wo èékánná rẹ̀, a ní, "Jẹun. Kì í pa ènìyàn."

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé ó ń fẹ́, kò sì fi pamọ́ fún wa nínú ilé: ó fẹ́ kí wọ́n sọ apó ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ lórí igi, kí wọ́n sì gbé apó Èṣùgbàyí, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, kọ́ síbẹ̀.

Apó tí ọdẹ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ó ń kó ọfà sí, ni mò ń wí. Ọdẹ ọlọ́fà ni Babalọlá, bàbá àgbà mi. Ní ọdún 1953, ó ta ẹfọ̀n kan lọ́fà nínú igbó ẹ̀yìn Okpomèta. Ẹfọ̀n náà sá lọ, bàbá àgbà mi sì ń tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ó máa bá a, ẹfọ̀n ti kú, Èṣùgbàyí sì ti jókòó lé e lórí, ó ń fi ewé fẹ́ ara rẹ̀. Ọfà Èṣùgbàyí ni ó wà lára ẹran. Ti bàbá àgbà mi kò sí mọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì tí ó ń gé sára ọfà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá ọfà rẹ̀ lára ẹran ni ó ni ẹran. Olúọdẹ, tí í ṣe olórí àwọn ọdẹ, wo àmì náà, ó sì dájọ́ pé Babalọlá fẹ́ gba ẹran ẹlẹ́ran. Bí ọdẹ bá ṣe irú èyí, wọn yóò bọ́ apó kúrò lẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ọfà inú rẹ̀ dànù, wọn yóò sì gbé e kọ́ sórí igi ọ̀dán tí àwọn ọdẹ ń pàdé sí lẹ́bàá ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ ṣọdẹ mọ́. Ẹni tí ó fẹ́ rẹ́ jẹ nìkan ni ó lè dárí jì í. Olúọdẹ bi Èṣùgbàyí bóyá ó dárí jì í. Èṣùgbàyí ń tayín lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ gbé e kọ́."

Kò pé ọdún kan tí bàbá àgbà mi fi kú. Kò sí orúkọ tí ẹnikẹ́ni rí fún àìsàn rẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà lọ sí ọjà Kétu gba abẹ́ igi ọ̀dán náà kọjá. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ìyá àgbà mi ń ru aṣọ aró rẹ̀ kọjá lábẹ́ apó ọkọ rẹ̀. Kì í gbójú sókè. Bí àwọn ìyàwó Èṣùgbàyí bá wà lọ́nà, wọn a máa ké sí i, "Aláró, ẹ bá wa kí baálé yín lórí igi o!" Wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà mi a ní, "Ó gbọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Fòfó Clément, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, ni ó jogún ọrun bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó tó ẹni tí ó lè bá àwọn àgbà jáde lọ sí igbó, ìyá àgbà mi pè é jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró.

"O ó ta ẹran," ni ó wí fún un. "Èṣùgbàyí yóò jí i. Jẹ́ kí ó jí i."

"Ẹ̀yin ìyá mi, kí n jẹ́ kí ó jí i kẹ̀?"

"Má sáré dé ìdí ẹran. Ìwọ jókòó."

Ìyá àgbà mi kọ́kọ́ fi aró kun irin ọfà. Bí aró náà ti gbẹ, ó ṣí kúrò bí ìpẹ́ ẹja. Nígbà tí a fi gún itan ewúrẹ́, kò fi àmì kankan sílẹ̀. Ó ronú sí i fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ fún wa pé aró gbọdọ̀ tutù títí di ìgbà tí wọn yóò fa ọfà yọ, nítorí náà inú apó ni ó gbọdọ̀ wà.

Báyìí ni a ṣe lọ sọ́dọ̀ Gbàdàmọ́sí oníṣẹ́ awọ ní Kétu. Ọdún 1962 ni; àsíá òmìnira Dahomey, orílẹ̀-èdè wa, ti pé ọdún méjì lórí òpó ní ilé-ìwé wa. Apó tó bíi mẹ́wàá ni ó wà lára ògiri rẹ̀.

"Irú èwo ni ẹ fẹ́, ìyá? Ti awọ ewúrẹ́ fúyẹ́. Ti awọ àgbọ̀nrín rẹwà."

"Bu omi wá."

"Òùngbẹ ń gbẹ yín ni?"

Ìyá àgbà mi gba igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dà á sínú apó awọ ewúrẹ́. Omi gba ojú rírán jáde.

"Yé! Ìyá, apó ni mò ń tà, n kò ta ìkòkò!"

"Ó ń jò." Ó mú òmíràn. "Èyí náà ń jò."

"Àbí inú apó ni ẹ̀yin aláró ti ń rẹ aṣọ báyìí?"

"Bóyá."

Ìkarùn-ún jẹ́ ti awọ màlúù, igi ni wọ́n gbẹ́ ṣe ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi ìda oyin dí i. Ó gbé e sórí itan rẹ̀ pẹ̀lú omi nínú. A dúró. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ó gbé e sókè, ó fọwọ́ kan ìró rẹ̀. Gbígbẹ ni ó wà.

"Clément, gbé e kọ́."

Ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó kó ọfà mẹ́jọ sí i, ó sì na ọwọ́ gba èjìká rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibi ọfà. Gbàdàmọ́sí gé okùn rẹ̀ kúrú, kí ẹnu apó lè ga díẹ̀ ju èjìká lọ.

"Bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń gba abẹ́ ìtàkùn." Ọfà méjì yọ gba orí rẹ̀ ṣubú. "Ẹran ti sá lọ," ni ìyá àgbà mi wí. Ó mú kí wọ́n fi ọ̀já awọ sí ẹnu apó kí ó fún ọrùn àwọn ọfà mọ́ra. "Sáré." Fòfó sáré yí àgbàlá ká, àwọn ọfà sì ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹran tún ti gbọ́."

"Koríko gbígbẹ ni kí ẹ kì sí ìdí rẹ̀," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Gbogbo ọdẹ ń kì í. Kò ní dún mọ́."

"Òwú ni tiwa," ni ìyá àgbà mi dáhùn.

Aró tí ó ki jù lọ ni ó fi rin òwú náà. Kò rọrùn láti gbé apó bẹ́ẹ̀. Fòfó kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ kí ó sinmi, kò sì gbọdọ̀ dojú rẹ̀ kodò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó fi ẹ̀yìn aró wọlé, ìyá àgbà mi sì bú u títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí òjò máa lọ tán, ó ti lè sáré, ó ti lè rákò lórí eékún, kí ẹ̀kán kan má jáde.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí wọ́n ti sun igbó, gbogbo ọdẹ jáde papọ̀. Fòfó yan apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èṣùgbàyí. Kí oòrùn tó dé àtàrí, akọ àgbọ̀nrín kan dìde níwájú rẹ̀. Ó fa ọfà yọ, ó ta á. Ọfà wọ ihà ẹran náà, àgbọ̀nrín sì sá lọ sí apá ibi tí Èṣùgbàyí wà. Fòfó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ sáré tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí ọ̀gán kan. Ó jẹ obì tí ó wà lápò rẹ̀ tán kí ó tó dìde.

Àwa obìnrin ti ń dúró lábẹ́ igi ọ̀dán pẹ̀lú agbọ̀n tí a ó fi ru ẹran. Àwọn ọdẹ gbé àgbọ̀nrín náà dé, ọfà Èṣùgbàyí sì wà níhà rẹ̀.

"Èmi ni mo ta ẹran yìí," ni Fòfó wí.

Èṣùgbàyí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ohùn Babalọlá! Mo ṣebí ó ti kú. Ọmọ, ọfà rẹ dà?"

"N kò rí i. Bàbá, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Kí ni ẹ kì sí ìdí apó yín?"

"Ṣé o fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni? Koríko ni! Kí ni ọdẹ tún ń kì sí ìdí apó?"

"Koríko gbígbẹ?"

"Gbígbẹ ni, gbígbẹ kanrinkan! Ìwọ ńkọ́, irun ìyá rẹ?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Fòfó yíjú sí Olúọdẹ. "Bàbá, ẹ bá mi la ojú ọgbẹ́ yẹn."

Olúọdẹ fúnra rẹ̀ ni ó fa ọfà náà yọ, ó sì fi ọ̀bẹ la ihà ẹran náà. Ẹran ara rẹ̀ ti di aró, láti ojú ọgbẹ́ títí dé egungun. Fòfó bọ́ apó rẹ̀, ó fa òwú ìdí rẹ̀ jáde, ó sì gbé e ka ilẹ̀. Olúọdẹ na ọwọ́ sí apó Èṣùgbàyí. Koríko gbígbẹ ni ó bá níbẹ̀.

"Ọgbẹ́ kan," ni Olúọdẹ wí jẹ́jẹ́, "ọfà méjì. Wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n fi èkejì sí ojú rẹ̀." Ó yíjú sí Èṣùgbàyí. "Ọgbẹ́ kan ṣoṣo ni ẹfọ̀n Babalọlá pàápàá ní. Èmi ni mo kà á. Èṣùgbàyí, ta ni ó ta ẹfọ̀n yẹn?"

Èṣùgbàyí di okùn apó rẹ̀ mú.

"Mo ní ta ni ó ta á?"

"Babalọlá ni," ni ó wí.

Nígbà náà ni ìyá àgbà mi jáde láàárín wa. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Wọ́n wo ẹran, wọ́n sì wo ọwọ́ náà. Ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kan gun igi, ó sì sọ apó bàbá àgbà mi kalẹ̀. Awọ rẹ̀ ti gbó, ẹyẹ ti fi òkè rẹ̀ ṣe ilé. Ìyá àgbà mi gbà á, ó sì gbé e mọ́ àyà.

Wọ́n bọ́ ti Èṣùgbàyí. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, àwọn ọfà rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú igbó.

"Ìyá Clément, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti dàgbà. Kí ni n ó máa ṣe nílé? Ẹ jẹ́ kí ó tán."

Olúọdẹ bi ìyá àgbà mi bí ìlànà ti wí. "Babalọlá kò sí mọ́, ìwọ ni a ó bi. Ṣé o dárí jì í?"

Mo ti kọ́ ní ilé-ìwé pé ó dára kí ènìyàn dárí ji ọmọnìkejì rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Síbẹ̀ mò ń gbàdúrà nínú mi pé kí ó má gbà.

Ìyá àgbà mi wo ọkùnrin tí ó wà nílẹ̀ náà dáadáa, bí ó ti ń wo aṣọ láti mọ̀ bóyá ó ti mu aró tán.

Ó ní, "Ẹ gbé e kọ́."

Láti ìgbà náà, bí a bá ń lọ sí ọjà Kétu, ìyá àgbà mi máa ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀dán náà. Ó ní kò rẹ òun. Yóò gbójú sókè, yóò wo apó náà títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún mi pé kí n gbé ẹrù náà ru òun.