Èdè Tí Kì Í Béèrè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà ní etí òkun yìí, ohun kan ló sì máa ń tètè mú mi bínú nínú kíláàsì: kí ọmọ kọ nọ́mbà sílẹ̀ kó má sọ ohun tí nọ́mbà náà jẹ́. Bí mo bá ní kí o ṣírò ẹja tó kù nínú apẹ̀rẹ̀, tí o kọ "méje" fún mi, o ò ní gba máàkì. Méje kí ni? Ẹja ni, àbí ọkọ̀, àbí eyín ẹnu rẹ? Pàṣán mi kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú gbogbo àwọn tó jẹ ẹgba náà, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ tó Ọpẹ́fólúwa, ọmọ Rèbékà, torí pé orí ọmọ náà pé ju ti gbogbo wọn lọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹja ni," ni yóò wí. "Kí ló dé tí mo tún ní láti kọ ọ́?"

Ìtàn ọmọ náà ni mo fẹ́ sọ. Èmi ló yẹ kó sọ ọ́, torí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀.

Abereke níbí la bí i sí, nínú ilé onípákó kan tó dúró lórí òpó, tó kọjú sí òkun gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ sókun tí kò padà. Edé yíyan ni Rèbékà ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Ìyé ni àwa ará ibí ń pe ìyá, Ìyé Ọpẹ́ sì ni gbogbo ìlú ń pe obìnrin yìí. Kò mọ̀wé, kò fẹ́ràn ariwo, ó sì lágídí. Òkun ti jẹ ilé mẹ́ta tó wà níwájú tirẹ̀, tirẹ̀ ló wá kángun sí omi. Bí a bá ní kó ṣí sẹ́yìn, á bi wá pé, "Ibo ni kí n wá gbé pẹpẹ edé mi sí?"

Ọpẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lókè ilẹ̀, kọ̀ǹpútà ló lọ kọ́. Ìsinmi àkọ́kọ́ tó ṣe, tìbínú-tìbínú ló wá kí mi. Wọ́n ń kọ́ wọn ní èdè kan tí wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, èdè náà sì le. Kí o tó fi ohunkóhun sínú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́: èyí jẹ́ nọ́mbà, èyí jẹ́ ọ̀rọ̀. Bí o bá ti sọ pé nọ́mbà ni, tí o wá gbé ọ̀rọ̀ wá, yóò lé ọ padà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

"Tíṣà, ẹ̀yin ni wọ́n sọ di èdè," ó wí. "Pàṣán nìkan ló kù."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kó bá mi kí àwọn tó ṣe èdè náà, pé ọmọlúàbí ni wọ́n.

Ọdún kejì, òun ló wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti rí òmíràn. Páítọ̀n ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí òyìnbó ń pe ejò erè. Èdè yìí kì í béèrè. Ohun tí o bá kó fún un ni yóò gbà, ì báà ṣe nọ́mbà, ì báà ṣe ọ̀rọ̀; ìgbà tí iṣẹ́ bá dójú ẹ̀ ni yóò tó wò ó bóyá ó ṣeé ṣe. Ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ohun tó gba odindi ojú ìwé ní èdè àkọ́kọ́, ìlà mẹ́jọ ló fi ṣe é.

Mo ní, "Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èyí tí kì í béèrè ńkọ́?"

"Èyí tí kì í béèrè ló ń tètè débẹ̀, Tíṣà."

Ó sì tètè débẹ̀ lóòótọ́. N kò ní í purọ́ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, àlejò nìkan ló ń pè mí ní Bàbá Kọ́lájọ, Tíṣà ni gbogbo ìlú ṣì ń pè mí. Iṣẹ́ tí ìlú fún mi ni kí n máa ṣọ́ omi. Mo ri òpó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà omi, mo fi ọ̀dà pupa sàmì ẹsẹ̀ bàtà sí i lára, láti oókan dé méjìlá. Tí omi bá ti tó ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ilé àwọn tó wà létí òkun wà nínú ewu nìyẹn. Èmi a wá lu agbá gáàsì òfìfo kan tí a so kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ènìyàn a sì sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, torí orí òpó kọnkéré gíga la kọ́ ọ sí. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí ohùn irin náà rìn jìnnà. Lọ́dún tí Ọpẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo lu agbá títí apá mi fi ro mí, Moríkẹ́ tó ń gbé lẹ́yìn ilé Rèbékà kò gbọ́. Omi gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ.

Ọpẹ́ wá síbi ìsìnkú ọmọ náà. Kò tètè padà sí Igbókòdá, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó sí ilé ìyá rẹ̀, ó tẹ fóònù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin péré! Ó ní bó bá jẹ́ èdè àkọ́kọ́ yẹn ni, oṣù méjì ni yóò gbà á, omi kò sì ní í dúró dè é. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: èmi a wo òpó, màá tẹ nọ́mbà tí omi dé, màá fi ránṣẹ́ bí à ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ a fi í wé àmì ewu, ìyẹn mẹ́jọ, tí èmi náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, kí àwa àgbà lè máa yí i padà nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi bá ti tó àmì, ẹ̀rọ a pe gbogbo fóònù ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá wálẹ̀ kúrò níbẹ̀, a tún pè wọ́n.

Nítorí àwọn tí kò mọ̀wé, ohùn ara rẹ̀ ló gbà sínú ẹ̀rọ, ní èdè wa tó ń pe ilé ní ulí, tó ń pe ọmọ ní ọma. Ìkíní ní: "Omi ti pọ̀. Ẹ jáde ní ulí." Ìkejì ní: "Omi ti fà. Ẹ padà sí ulí."

Ìyá rẹ̀ kò gbà láé pé ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni. Bí fóònù bá ti ké, Rèbékà a gbé e sétí, a gbọ́ ọ tán, a sì dáhùn pé, "Mo gbọ́, ọma mi." A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ kò létí. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé ṣé èmi ni mo bí ọmọ náà ni? Ohun tó dá mi lójú ni pé obìnrin tí a ti ń bẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá pé kó tètè máa jáde, ohùn yìí nìkan ló ń gbé e dìde.

Ní oṣù kẹfà omi tó mẹ́jọ. Ní oṣù kẹjọ ó tó mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni fóònù ké, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni gbogbo ìlú jáde, kò sí ẹni tó kú. Moríkẹ́ gbé odindi agbọ̀n ẹja gbígbẹ lọ fún Ọpẹ́, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun lè bí. Inú mi dùn. Mo ń wí fún gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò.

Ó wá di oṣù kẹwàá. Aago mẹ́wàá àárọ̀, omi tó mẹ́sàn-án. Mo fi 9 ránṣẹ́, fóònù ké, a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Rèbékà ló dé kẹ́yìn, ó ń ráhùn. Apẹ̀rẹ̀ edé mẹ́ta ló fi sílẹ̀ lórí iná, bí iná bá sì kú, yóò rà ni. Ọpẹ́ wà ní Igbókòdá.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, mo fi ọkọ̀ kékeré lọ wo òpó. Omi ti bo àmì mẹ́sàn-án, ó ti gorí mẹ́wàá. N kò rí i kó tó mẹ́wàá rí. Mo tẹ 10, mo fi ránṣẹ́, mo yí ọkọ̀ padà. Kí n tó gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì tán, fóònù ti ń dún káàkiri, ohùn Ọpẹ́ sì ń jáde nínú gbogbo wọn: "Omi ti fà. Ẹ padà sí ulí."

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí omi náà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò, kí ẹ má sì fi mí ṣẹ̀sín: mo rò pé ẹ̀rọ náà ríbi tí ojú mi kò dé. Mo ní bóyá ó ti gbọ́ láti inú òkun lọ́hùn-ún pé omi ti ń yí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbà wá là, kò sì tàn wá rí.

Rèbékà wo ojú mi. "Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibẹ̀ bọ̀, ṣé ó ti fà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wí."

Ó gbé fóònù rẹ̀ súnmọ́ ẹnu. "Mo gbọ́, ọma mi," ó wí. "Mò ń lọ." Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sọ̀kalẹ̀. Àwọn mẹ́fà kan tẹ̀lé e. Agbá gáàsì wà níbi tí ọwọ́ mi lè tó o. N kò lù ú.

Àwọn mẹ́fà yẹn pàdé omi lórí afárá pákó, wọ́n sá padà. Rèbékà ti ṣáájú wọn lọ nítorí edé rẹ̀. A gbọ́ ìró pákó tó ń ya, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi òkun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì la rí i lábẹ́ pẹpẹ edé rẹ̀. Ojú mi rí nǹkan.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló gbé Ọpẹ́ dé. Kò sunkún. Ó bi mí pé nọ́mbà wo ni mo fi ránṣẹ́. Mo gbé fóònù mi fún un. Ó wo 9, ó wo 10, ó sì jókòó sórí pákó tútù.

"Tíṣà, ohun tó bá gba inú àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, bí ọ̀rọ̀ ló ń wọlé," ó wí. "Mi ò sọ fún un pé nọ́mbà ni. Kò sì béèrè."

Mo ní kò yé mi.

"Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń to orúkọ wa sínú rẹ́jísítà? Ẹ kì í wo bí orúkọ ṣe gùn tó. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lẹ máa ń wò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wo 10 àti 8. Ó wo 1, ó wo 8, ó ní 1 ló ṣáájú. Ó ní mẹ́wàá kéré sí mẹ́jọ."

Ó ti dán an wò láti oókan dé mẹ́sàn-án kó tó gbé e fún wa. Gbogbo rẹ̀ pé. Èdè àkọ́kọ́, èyí tí Ọpẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi, kì bá tí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó ṣí iṣẹ́ náà lójú mi, ó fi lẹ́tà mẹ́ta síwájú nọ́mbà méjèèjì, ti omi àti ti àmì, lẹ́tà mẹ́ta tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé nọ́mbà ni èyí. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń ró ìró. Ó fi 10 dán an wò. Fóònù mi ké lọ́wọ́ mi, ohùn rẹ̀ ní, "Omi ti pọ̀. Ẹ jáde ní ulí." Òkú ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ wa. Díẹ̀ ló kù kí n sọ fóònù náà sómi.

"Nígbà tí ẹ̀rọ pè é," Ọpẹ́ wí, "ṣé Ìyé dáhùn?"

Mo ti na ọmọ púpọ̀ nítorí irọ́. Mo ní ó dáhùn.

"Kí ló ní?"

"Ó ní, 'Mo gbọ́, ọma mi. Mò ń lọ.'"

Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ìgbà yẹn ni ẹkún tó dé, ó sì pẹ́ kó tó dá. Nígbà tó nu ojú, ó wò mí.

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ ti rí omi. Kí lẹ sọ fún un?"

Mo sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo sọ ti agbá gáàsì náà, pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò bú mi. Ó dìde, ó lọ bá àwọn obìnrin tó wá wẹ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ títí dòní, Moríkẹ́ ló fi ohùn tirẹ̀ sínú rẹ̀. Bí Ọpẹ́ bá wá láti Igbókòdá, ó máa ń yà kí mi, ó ń kúnlẹ̀, ó ń béèrè ara mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò pè mí ní Tíṣà mọ́. Bàbá Kọ́lájọ ló ń pè mí.