Àwòrán Mẹ́rìnlélógún Lórí Kàlẹ́ńdà Ẹ̀pẹ́

Kí n má purọ́, mo kórìíra ọkùnrin náà. Òun náà kórìíra mi, kò sì fi pamọ́. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Lasunwon, ní Ìkòròdú, ló kó wa pọ̀, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, èmi kò tíì pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Títo ojú ìwé kí a tó tẹ̀ ẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń fi abẹ gé ọ̀rọ̀ àti àwòrán, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó, á sì fi rúlà wọ̀n wọ́n títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gún. Bí lẹ́tà kan bá ṣì, yóò fi ẹnu abẹ yọ ọ́, yóò gé òmíràn lára ìwé àlòkù fi rọ́pò rẹ̀, o kò ní mọ̀ pé ọwọ́ kan ibẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni. N kò sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kan.

Kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá fi gbà mí, kí n máa fi ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni bàbá náà ti ń pè é ní àpótí. Láràárọ̀, bí mo bá ti ń wọlé bọ̀ láti Ipakodo, yóò ní, "Ọmọ àpótí, ṣé àpótí ẹ ti jí?" Bí iná ọba bá lọ, tí iṣẹ́ tí n kò tíì fi pamọ́ bá ṣòfò, yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà kì í ṣe ẹni tí ń gba ìwọ̀sí lásán. Mo máa ń ṣí ìdérí gọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbẹ, tó bá sì ń wá rúlà rẹ̀ kiri, mo mọ ibi tó wà.

Ọ̀gá ń wò wá níran. Nígbà tí ọdún kan ń parí lọ, ó pe àwa méjèèjì síwájú ara wa, ó ní iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó ẹni méjì. Ó ní bí a bá ti parí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, ọ̀kan nínú wa yóò máa lọ sílé. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Bàbá náà ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Èmi ni mo ń gbọ́ bùkátà ìyá mi. A wo ara wa, a sì padà sídìí iṣẹ́.

Èyí tó tóbi jù nínú àwọn kàlẹ́ńdà náà wá láti Ẹ̀pẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn àgbà àdúgbò kan ló ni ín, àwọn mẹ́rìnlélógún, wọ́n sì fẹ́ kí àwòrán gbogbo wọn wà lórí rẹ̀, ní ìlà mẹ́rin, mẹ́fà-mẹ́fà. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ọjọ́ orí kọ́, owó kọ́, ọjọ́ tí ènìyàn wọ ẹgbẹ́ ló ń sọ ipò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n ṣe ń jókòó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń mú obì. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá kú, ẹnì kejì ni yóò di olórí. Kàlẹ́ńdà yìí ni wọ́n fi ń han gbogbo àdúgbò bí wọ́n ṣe tò, yóò sì wà lára ògiri fún ọdún kan gbáko. Ẹni kẹwàá wọn lówó lọ́wọ́, òun ló kọ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò, àhesọ sì ti wà nílẹ̀ pé ó ń wá bí òun yóò ṣe fo àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gba ọ̀tá mi tó ọjọ́ méjì pẹ̀lú abẹ àti gọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ fi hàn án. Mo kọ àwọn àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé bí mo bá ti kó àwọn àwòrán pọ̀ síbì kan, tí mo sì fún wọn ní nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé wọn sáyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò gé wọn dọ́gba, tí yóò sì kọ orúkọ sábẹ́ wọn. Mo fún àwọn bàbá náà ní ookan dé mẹ́rìnlélógún bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Mo pe ọ̀gá wá. Mo tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, mo ká ọwọ́ gbera. Kí ó tó mu omi ọwọ́ rẹ̀ tán, gbogbo àwòrán ti jókòó. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Bàbá náà ń wò wá láti ìdí tábìlì rẹ̀.

Òfin kan wà níbẹ̀ kí n tó dé, bàbá náà gan-an ló sì ṣe é. Ẹni tó to ojú ìwé kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò yẹ púrúùfù wò, ìyẹn ẹ̀dà kan tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò, tí yóò sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Bí àṣìṣe bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn ẹni tó fọwọ́ sí i ló wà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá náà, ẹnì kejì nínú àwọn àgbà wọ̀nyẹn ló sì kọ́ ọ ní kéú nígbà tó wà ní kékeré. Ọ̀gá ní ta ló tún mọ̀ wọ́n jù ú lọ, ó gbé púrúùfù fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá náà wọ ìgò ojú rẹ̀, ó mú pẹ́ńsù, ó ń fi àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe tán, ó fọwọ́ sí i, ó jù ú sórí tábìlì mi. "Ó ti dáa," ló wí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo mú púrúùfù náà kí n tó gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn tí ń ṣe pléètì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé. Ní ìparí ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá oníkéú, mo rí ibi tí wọ́n ti kọ nǹkan tí wọ́n sì fi rọ́bà pa á rẹ́. Ojú ìwé ibẹ̀ ti họ. Mo gbé e síwájú fèrèsé. Àmì ìbéèrè ni. Kí ni ẹni tí kì í ṣiyèméjì ń bi ara rẹ̀ níbẹ̀? Mo mú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bàbá tó yẹ kó wà ní ipò kejì ló wà ní ipò kejìlá. Olówó tó jẹ́ ẹni kẹwàá ló jókòó ti olórí wọn.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tó fà á. Kọ̀ǹpútà kò ka nọ́ńbà bí ènìyàn ṣe ń kà á, ohun tó ṣíwájú nínú nọ́ńbà ló ń wò. Ó mú ookan, ó kó gbogbo èyí tí ookan ṣíwájú wọn tẹ̀lé e, láti mẹ́wàá dé mọ́kàndínlógún, kí ó tó yí ojú sí eéjì. Àṣìṣe mi ni. Mo fi òdo síwájú àwọn nọ́ńbà láti ookan dé ẹẹ́sàn-án, mo tẹ bọ́tìnnì, gbogbo wọn sì padà sáyè wọn. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo fi í pamọ́ pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Ìgbà náà ni inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ó ti rí i. Ó rí i, ó fi àmì sí i, ó pa àmì náà rẹ́, ó sì fọwọ́ sí i kí n lè tẹ́. Ó rò pé bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni àpótí ni wọn yóò mú. Òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ó gbàgbé rẹ̀. Èmi kò gbàgbé. Mo wo orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé náà, mo sì rí i pé ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí ìjà wa. Mo fi iṣẹ́ tó dára sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò dára ni mo gbé fún àwọn tí ń ṣe pléètì. Kò sẹ́ni tó tì mí.

Ọjọ́bọ̀ ni a tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ó sì padà dé pẹ̀lú gbogbo ẹrù náà nínú bùtù ọkọ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì ni gbọ̀ngàn dàrú. Wọ́n ní olówó wọn ló fún òun ní rìbá kí òun gbé e sípò kejì. Olówó ń búra, ẹnì kan ò gbọ́. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀, ó ń wo èmi àti bàbá náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ ọ̀gá, a gba Ìtòikin kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ bẹ̀bẹ̀. Nínú pálọ̀ bàbá oníkéú, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ohùn bàbá oníkéú náà kò le rárá.

"Láti àná ni wọ́n ti ń ka èmi sí ẹni kejìlá ládùúgbò yìí," ló wí. Ó wá kọjú sí ọmọ kéú rẹ̀ àtijọ́. "Ìwọ ni wọ́n ní o fọwọ́ sí i. Ìwọ tí mo kọ́ ní álífù. Ṣé o ò rí i ni?"

"Mi ò rí i, bàbá," ló dáhùn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ojú mi ló ti ń ṣe bàìbàì."

"Ó dáa. Ẹ dìde."

Bàbá oníkéú kò tún wo ibi tí ọmọ kéú rẹ̀ wà mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, èjìká wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Mo gbọ́ irọ́ tó pa, mo sì mọ̀ pé kò lè sọ òótọ́, torí òótọ́ burú ju irọ́ náà lọ. Inú mi dùn. Bó ṣe rí gan-an ni mo ń sọ ọ́. Ojú ń tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdùnnú ló pọ̀ jù.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ní kí n tún iṣẹ́ náà ṣe kíákíá, a ó tẹ òmíràn fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì ṣe òmùgọ̀: èyí tí mo ti tún ṣe sílẹ̀ ni mo lọ mú jáde, lójú ẹsẹ̀. N kò mọ̀ pé bàbá náà ti wá dúró sẹ́yìn wa, pẹ̀lú ìgò lójú. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, àmọ́ kò sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí kì í kà. Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, níbi tó kọ ọjọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó. Ọjọ́rú ló ti tún un ṣe. Ọjọ́bọ̀ la tẹ ìdọ̀tí yẹn. Ọmọ yìí mọ̀."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni mo wí. "Àmì tẹ́ ẹ pa rẹ́ ṣì wà níbẹ̀."

Ọ̀gá gba púrúùfù náà lọ́wọ́ mi. Ó gbé e síwájú fèrèsé gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ṣe. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá, mo rí ọjọ́ náà," ló wí. "Mo sì rí ibi tẹ́ ẹ fi rọ́bà pa. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin yẹn fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Bàbá náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé abẹ rẹ̀ àti rúlà, ó kó wọn sínú àpò láílọ́ọ̀nù. Nígbà tó dé ìdí tábìlì mi, ó dúró.

"Kí ló tiẹ̀ ṣe é gan-an?"

Mo ní òdo ni, pé n kò fi òdo síwájú nọ́ńbà.

"Òdo nìkan?"

"Òdo nìkan."

Ó mi orí, ó jáde. Mo rò pé ọ̀gá yóò bú mi, tàbí kí ó lé èmi náà. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, kò yí i padà títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí púrúùfù tuntun jáde, ó gbé e síwájú mi, ó fi bírò lé e.

"Fọwọ́ sí i," ló wí.

Mo ní èmi ni mo tò ó, ẹlòmíràn ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹlòmíràn wo?"

Mo ka àwọn bàbá náà láti ookan dé mẹ́rìnlélógún. Mo tún wọn kà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, n kò gba ojú ara mi gbọ́ mọ́. Ọ̀gá dúró tì mí títí mo fi fọwọ́ sí i.