Iyọ̀ Nídìí Igi Kérésìmesì

Bàbá fi ìka méjì bu erùpẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí mo gbé síwájú rẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó sì dijú. Ọyẹ́ ń gbá eruku gba àárín àwọn igi kéékèèké rẹ̀ kọjá. Mò ń gbọ́ omi tó ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ sínú agolo òfìfo, tó, tó, tó. Dádì mi dúró lẹ́yìn mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo sì mọ ohun tí Bàbá ń tọ́ wò.

Kí n tó sọ ohun tó sọ, ó yẹ kí n sọ ẹni tó jẹ́, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Bàbá kì í ṣe ẹbí wa. Mùsùlùmí ará Ìlọrin ni, arúgbó tó ń gbin igi tà létí títì ní àdúgbò Kinkinau nílẹ̀ Hausa, ilé kẹta sí tiwa. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ rẹ̀ rí. Àti Yorùbá àti Hausa àdúgbò, Bàbá ni gbogbo wọn ń pè é. Ó to ọmọ igi ọsàn, máńgòrò àti gúáfà ní ìlà-ìlà nínú ọ̀rá dúdú, ìlà rẹ̀ sì gún ju ti àwọn ọmọ iléèwé lọ. Òórùn ìgbẹ́ màlúù tútù àti ewé ọsàn ni ó máa ń bá a wọ ilé wa, pẹ̀lú obì tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún tí a kó dé àdúgbò náà, Dádì gé ẹ̀ka dóńgóyárò kan, ó rì í mọ́ inú agolo oníyanrìn, ó ní igi Kérésìmesì nìyẹn. Àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so bébà aláwọ̀ mọ́ ọn. Ọyẹ́ kò jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́ta tí ewé rẹ̀ fi ń já bọ́ sínú àwo ìrẹsì. Bàbá wá kí wa kú ọdún, ó wo igi náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Haba, Akọ̀wé! Òkú igi lẹ fi ń ṣọdún ìbí?"

Iṣẹ́ akọ̀wé ni Dádì ń ṣe lọ́fíìsì ìjọba, ìyẹn ni Bàbá fi ń pè é bẹ́ẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá, ibi tí ọwọ́ tó nìyẹn."

"Ọwọ́ yín tó ọ̀dọ̀ mi. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí àwọn ọmọ wá yan èyí tó wà láàyè. Ẹ lò ó tán, kí ẹ dá a padà."

Bí àṣà ilé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má rò pé a kàn ń nawọ́ sí igi tó bá wuyì. Rárá o. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń yàn lọ́dún kan, Bàbá sì ní bó ṣe ń dán an wò. Ọmọ náà yóò gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì igi páìnì tó yàn láti orí ìlà dé ìdí ẹ̀rọ omi láì sọ ọ́ kalẹ̀. "Igi tí o ò lè gbé, o ò lè tọ́jú ẹ̀." Yóò ki ìka bọ erùpẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tutù. Lẹ́yìn náà ni yóò dijú tẹ́tí sí ewé rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, nítorí pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí páìnì tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń súfèé. Bàbá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Àdéhùn kan ló wà: igi gbọ́dọ̀ padà láàyè ní Sátidé kejì oṣù kìn-ín-ní. Bí ó bá kú, a kò tún ní yan òmíràn mọ́ láé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ yàn, tirẹ̀ sì padà láàyè. Ọdún kejì kàn mí.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú lọ́jọ́ tí mo gbé tèmi wọlé tí ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀. "Kérésì kí ni èyí? Kò ní yìnyín lórí. Gbé e fún ewúrẹ́ jẹ jàre."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo bu iyọ̀ Mọ́mì, mo fi omi rin ewé igi náà, mo sì wọ́n iyọ̀ sí i lórí. Ó ń dán yanran. Ẹ̀gbọ́n mi yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ bomi rin ín, omi náà sì ń fọ iyọ̀ lọ sí ìdí rẹ̀. Bí ó bá ti lọ, èmi náà á tún wọ́n òmíràn.

"Ta ló ń lá iyọ̀ bí màlúù nílé yìí?" ni Mọ́mì ń béèrè. Mo sá jáde.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ewé ẹ̀gbẹ́ kan ti pọ́n bí ewé tí iná jó. Mo yí ẹ̀gbẹ́ náà sí ògiri. Àwọn àlejò ń yìn mí. Mo gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí Sátidé kejì má dé. Ó dé. Dádì ló kọ́kọ́ rí i bí mo ṣe ń gbé e jáde.

"Kí ló ṣe igi yìí?"

"N kò mọ̀, sà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe débi tí erùpẹ̀ fi wà lẹ́nu Bàbá.

"Iyọ̀," ni ó wí.

Dádì yí sí mi. "Ta ló da iyọ̀ sí i?"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ ṣe sùúrù, Akọ̀wé. Igi ò bi wá pé ta ni." Ó lóṣòó títí ojú wa fi ṣe déédéé. "Ìyá mi, ìgbà wo ni?"

Mo ti múra sílẹ̀ fún "ta ni". Àbúrò mi ni mo fẹ́ darúkọ. Ó kéré, wọn kò ní lù ú. Ṣùgbọ́n n kò ní irọ́ kankan nílẹ̀ fún "ìgbà wo". Òótọ́ ló bọ́ lẹ́nu mi, ẹkún tẹ̀ lé e.

"Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo sì tún dà á."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Kai! O tiẹ̀ sè é lọ́bẹ̀ ni." Ẹ̀rín pa á títí ó fi wúkọ́. "Ká ní o wá lọ́jọ́ kejì, omi búta àlùwàlá mi kan ì bá tó. Ní báyìí, iṣẹ́ ti pọ̀. Bọ́ bàtà."

Ó yọ igi náà, a sì fi omi fọ gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó fún un ní ilẹ̀dú tuntun, ó gbé e sábẹ́ máńgòrò. Lójoojúmọ́ tí iléèwé bá ti parí, mo ń lọ síbẹ̀, mo ń fi búta rẹ̀ bomi rin ín. Ewé pupa ń já bọ́. N kò lè wo ojú àbúrò mi, tí ó ti ń ka oṣù tí yóò kàn án láti yàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo rí i: ṣóńṣó ewé tútù kan, kò ju èékánná lọ. Mo pariwo. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Alihamudulilahi. Ó ń bọ̀ wá sílé." Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo sùn síbẹ̀ títí Mọ́mì fi wá mi wá.

Ní Dìsẹ́ńbà, igi yẹn gan-an ni àbúrò mi yàn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣì pá. Mo tètè yí i sí ògiri, Bàbá sì wọlé wá kí wa, ó yí i padà síta. "Ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn," ni gbogbo ohun tó wí.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti kú. Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún díẹ̀ kí n tó fi í sílẹ̀, mo sì máa ń rántí Bàbá nígbàkígbà tí nǹkan bá fọ́ ní kíláàsì. "Ta ni" máa ń mú irọ́ jáde lẹ́nu ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èmi náà béèrè rẹ̀ kí n tó rántí.

A ń gbé ní Nasarawa báyìí, àwọn ọmọ mi sì ń yan igi létí títì bí a ṣe ń ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi sáré bá mi nídìí ààrò, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ọṣẹ.

"Mọ́mì, mo da omi ọṣẹ sídìí igi. Mo fẹ́ kó hó funfun bíi yìnyín."

"Ìgbà wo?"

"Ìsinsìnyí."

Ọkàn mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo pa iná ọbẹ̀, a jọ lọ pọn omi.