Bí Chérifou Ṣe Rẹ Ràkúnmí Sílẹ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ Ràkúnmí ní Sanson. Báṣé Chérifou ni, mọ́tò akẹ́rù kékeré tó fi ń kó iṣu àti kajú lọ sí Tchaourou, tó ga débi pé ewúrẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹrí ba. Kò ga bẹ́ẹ̀ nígbà tó rà á. Omi tó máa ń gba ojú ọ̀nà oko lọ́dọọdún ló bí i nínú, tó fi lọ sí Parakou ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, tó ra làámù gíga, tó sì yọ èyí tó bá mọ́tò wá. Làámù ni àwọn irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n tò lé ara wọn nídìí ẹsẹ̀ mọ́tò láti gbé ẹrù. Láti ọjọ́ náà ni Chérifou ti ń wo àwọn tó ń rìn nílẹ̀ láti òkè. Fáàrí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Hawaou, ìyàwó rẹ̀, ló jẹ ìyà gíga náà. Àpótí ló máa ń gùn kó tó lè wọ iwájú mọ́tò. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àpótí yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, itan rẹ̀ ọ̀tún dá. Egungun jinná, ṣùgbọ́n kò jinná dáadáa. Kò lè gun zémíjàn, alùpùpù akérò, mọ́, bẹ́ẹ̀ ni itan rẹ̀ kò lè gba tákísì ọjọ́ ọjà tó ń fún èèyàn méje pọ̀ síbi èèyàn mẹ́rin. Ní ti Ràkúnmí, àwọn ọkùnrin àdúgbò ní àwọn á máa gbé obìnrin náà sínú rẹ̀. Hawaou kọ̀ jálẹ̀. "Èmi kì í ṣe àpò iṣu," ló wí. Obìnrin tó ti bímọ mẹ́fà, kí aṣọ wá máa tú lára rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ àná? Ó jókòó sílé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Kaoussara, wà ní Alafiarou. Òun ló tọ́ Hawaou dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ara wọn báyìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Maïmounatou, ọmọ Kaoussara, pe Chérifou.

"Tonton, ara Mama ò yá mọ́ rárá. Wọn ò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta. Tata Hawaou nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, vraiment, ẹ gbé wọn wá."

Hawaou gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ fojú kan ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì máa fi wọ mọ́tò."

Ọ̀rọ̀ náà gún Chérifou lọ́kàn. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ṣe afárá kékeré sórí omi ọ̀nà oko, gíga Ràkúnmí kò sì wúlò fún ohunkóhun mọ́. Ó ti yẹ kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, ó mọ̀. Ṣé ó dìgbà tí ẹnì kan bá ń kú lọ?

Ní ọjọ́ kejì ó wọ́ àwọn làámù àtijọ́ jáde lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí adìẹ ti ń sùn lórí wọn. Ó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè lábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ìtì igi gbé e ró. Òun nìkan ló ń ṣe é, torí láti ọgbọ̀n ọdún tó ti ń wakọ̀, kò gbà kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kan mọ́tò òun. Ó da kẹrosíìnì sórí àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ó lù wọ́n, ó gbé gbogbo ara lé sípánà títí wọ́n fi tú. Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́ Àtìní máa fi pọ́n, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì àti ti ẹ̀yìn lápá òsì ti wálẹ̀. Hawaou jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó ti di ẹrù rẹ̀: ọṣẹ, ìborùn tuntun, èlùbọ́ tí Kaoussara fẹ́ràn.

Ẹsẹ̀ kẹrin ló kù, àfi bí irin kò ṣe pé. Èyí tó gùn jù, tó ní ihò nígun méjèèjì, kò sí níbẹ̀. Chérifou wá a lẹ́yìn ilé, ó wá a nínú àká. Nígbà tó ṣe, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọkọ́ Hawaou tó wà lára ògiri, ó sì jókòó sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé irin náà lọ fún Wassiou alágbẹ̀dẹ lọ́dún tó gbé mọ́tò ga, kó fi rọ ọkọ́ fún ìyàwó òun. Ó sì rọ ọ́ dáadáa. Ọdún mẹ́jọ ni Hawaou fi kọ ebè iṣu, ọkọ́ náà kò jẹ.

"Ẹ dá èyí tó ga padà síbẹ̀, Bàbá Bilkis," ni Hawaou wí. Bilkis ni àkọ́bí wọn. "Iwájú ti wálẹ̀, mo lè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Kí mọ́tò máa tiro lọ́nà, kí gbogbo Alafiarou máa fi wá ṣẹ̀sín?"

"Èmi náà ń tiro. Ṣé mi ò kí ń dé ibi tí mò ń lọ ni?"

Chérifou rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ méjì péré, Ìyá Bilkis. Jẹ́ kí n ṣe é pé."

Chérifou kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Ìwà tí gbogbo èèyàn fi ń yìn ín ni. Ì bá dára ká ní kò ní in lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Àtàláátà ó gun zémíjàn lọ sí Tchaourou, ó ń wá irin kiri láàárín àwọn òkú mọ́tò lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Kò sí èyí tó bá a mu. Ní Àlàrùbá ó rí ọ̀kan lábẹ́ báṣé kan tí koríko ti hù nínú rẹ̀, ilẹ̀ sì ti fẹ́ẹ̀ ṣú kó tó tú u. Ní àárọ̀ Àlàmísì, nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn ló ń fún nígbà tí fóònù dún nínú àpò rẹ̀.

Maïmounatou ni. Ẹkún ni Chérifou kọ́kọ́ gbọ́. "Tonton, ó ti parí. Wọn ò tíì wẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n máa sin wọ́n."

Ó ti fóònù bọ àpò. Lẹ́yìn náà ó fún nọ́ọ̀tì náà tán, torí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó jáde, ó tú jáàkì sílẹ̀, mọ́tò sì rọra wálẹ̀, ó dọ́gba pátápátá.

Hawaou pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ràkúnmí ti kúnlẹ̀ o!"

Chérifou fẹ́ sọ fún un. Ó la ẹnu gan-an. Ṣùgbọ́n Hawaou ti ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sínú mọ́tò, ó fa ti ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó jókòó. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó rẹ́rìn-ín tí ọkọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ta ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀rín yẹn? Chérifou lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó wọ jàlàbíà funfun, ó wa mọ́tò jáde.

Wọ́n kọjá afárá kékeré. Hawaou ń sọ bí òun ṣe máa di irun fún ẹ̀gbọ́n òun, bí òun ṣe máa ro ọkà fún un. Lójijì ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Bilkis, ẹ fọwọ́."

Chérifou yẹ kòtò kan lójú ọ̀nà.

"Ẹ ò fọwọ́ rí kẹ́ ẹ tó wa mọ́tò. Ẹ tún wọ aṣọ funfun." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìgbà wo ni?"

"Àárọ̀ yìí."

Hawaou tú ẹrù tó wà lórí itan rẹ̀, ó tún un dì. Omijé ń ṣàn, kò nù ún. "Ọjọ́ Àtìní," ló wí. "Ọjọ́ Àtìní ni mo ní ká máa lọ." Kò pariwo. Ó wu Chérifou kó pariwo, kó bú òun, kó lu òun pàápàá.

"Ṣé wọ́n ti wẹ̀ wọ́n?"

"Wọn ò tíì wẹ̀ wọ́n."

"Ẹ sáré."

Ó sáré. Nígbà tí wọ́n dé Alafiarou, èèyàn ti kún iwájú ilé. Chérifou bẹ́ sílẹ̀, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́. Hawaou ti ṣí ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ láìwá a. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà kọjá, ó ń tiro lọ sínú ilé níbi tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi tí wọ́n máa fi wẹ Kaoussara.